Ìbéèrè Yín: Kíkọ ìtàn eré ìdárayá àti ọ̀rẹ́ ṣíṣe fún ọmọ ọdún 8 sí 12

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló kún inú lẹ́tà yín lóṣù yìí, kò sì yà wá lẹ́nu. Tí iléèwé bá ti jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn tó ń lọ iléékéwú náà sì ti dé, ilẹ̀ gbalasa wo lẹ máa dé láti Tákìé títí dé Sábó tí ẹ ò ní bá ọmọ mẹ́jọ, ọmọ mẹ́wàá, tí wọ́n fi òkúta méjì ṣe ojúulé, tí wọ́n ń lé bọ́ọ̀lù kiri? Àwọn ọmọ yìí mọ eré náà tinú-tẹ̀yìn. Ohun tí wọn ò tíì rí tó ni ìwé Yorùbá tó mọ̀ ọ́n bí àwọn náà ṣe mọ̀ ọ́n. Torí náà la ṣe fi gbogbo àyè yìí sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, àti fún ọmọ kan tó ń kà á.

Ìbéèrè: Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kọ ìtàn ọ̀rẹ́ méjì, Ràfíù àti Ṣèyí, tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n jà nítorí owó ní orí kẹta, wọ́n parí ìjà ní orí kẹwàá, ikọ̀ wọn sì gba ife. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ó dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dúró láàárín, kò sẹ́ni tó ní kí n máa kà á lọ. Kí ló fà á?

Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Ìjà owó yẹn ló fà á, torí owó kò sí lórí pápá. Ẹ mú lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fa ìlà sórí gbogbo ibi tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù nínú ìtàn yín, kí ẹ wá ka èyí tó kù. Tí ọ̀rẹ́ wọn, ìjà wọn àti ìparí ìjà bá ṣì yé èèyàn yékéyéké, a jẹ́ pé bọ́ọ̀lù kàn wà níbẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹ lè fi ẹja pípa dípò rẹ̀ kí nǹkan kan má yí padà. Ọmọ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù á mọ̀ ọ́n lára, bí kò tilẹ̀ mọ bó ṣe máa sọ ọ́.

Ohun tí ẹ máa wá ni ibi tí eré náà fúnra rẹ̀ ti ń há ọ̀rẹ́ méjì mọ́. Bọ́ọ̀lù sì kún fún irú ibẹ̀ yẹn. Ẹni márùn-ún ni sẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ikọ̀ kan nínú bọ́ọ̀lù àdúgbò, ń gbà, ọ̀rẹ́ mẹ́fà ló sì wà nílẹ̀: ẹni tó ń yan èèyàn gbọ́dọ̀ fojú fo ẹnì kan. Aṣọ́lé jẹ góòlù tí gbogbo èèyàn ń bú u sí, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó yẹ kó padà sẹ́yìn ló dúró lókè tó ń mí hẹlẹ. Èyí tó lágbára jù lójú tiwa ni ti ẹni méjì sí aṣọ́lé kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ Ràfíù, ó ti kọjá gbogbo àwọn ẹlẹ́yìn. Ṣèyí ń sáré bọ̀ lápá òsì. Ẹ rí i dájú pé ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ni Ṣèyí wà. Tó bá ti ṣáájú bọ́ọ̀lù, tó sì jẹ́ aṣọ́lé nìkan ló kù níwájú rẹ̀, ọ̀fúsáìdì ni, ìṣẹ̀lẹ̀ yín ti dàrú nìyẹn. Aṣọ́lé jáde wá pàdé Ràfíù kí àyè tó máa gbá bọ́ọ̀lù sí lè kéré. Ohun tó yẹ kó ṣe nìyẹn, ẹ má sọ ọ́ di òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe jáde, ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu fún Ṣèyí. Tí Ràfíù bá tì í sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó ti wọlé. Tó bá gbá a fúnra rẹ̀, ó lè wọlé, ó lè má wọlé, àmọ́ tó bá wọlé, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n á máa kọ lórin délé. Kò sí ọmọ tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí tí kò tíì dé ibi tí Ràfíù dúró sí yìí.

Bí ẹ ṣe lè kọ ọ́ rèé:

*Kípà ti jáde. Ó la apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ mú adìẹ. Ràfíù gbọ́ ẹsẹ̀ Ṣèyí lápá òsì, pá-pá-pá lórí ilẹ̀ pupa, ó gbọ́ bó ṣe ń mí. Ṣèyí ò pè é. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹnu Ṣèyí kì í dákẹ́: “Gbé e wá! Gbé e wá!” Lónìí, kò sọ nǹkan kan. Ràfíù fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá a. Ó wọlé. Nígbà tó yíjú padà, àwọn tó kù ń sáré bọ̀ wá gbé e. Ṣèyí ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń rìn lọ sí àárín pápá.*

Kò síbi tí a ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé “inú ń bí Ṣèyí sí ọ̀rẹ́ rẹ̀”. Dídákẹ́ tó dákẹ́ ló sọ ọ́. Góòlù wọlé, ọmọ tó ń kàwé kò sì lè yọ̀, torí ó fẹ́ mọ ìdí tí Ṣèyí kò fi pè é. Ìyẹn láá jẹ́ kó ṣí ojú ewé tó kàn.

Ẹ wá pín ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ìwé. Lẹ́ẹ̀kíní, níbẹ̀rẹ̀, kí Ràfíù tì í sí i láìronú, bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, kó gbá a fúnra rẹ̀ bí èyí tí a kọ sókè yìí. Lẹ́ẹ̀kẹta, kó jẹ́ pé yálà ó tì í tàbí kò tì í, nǹkan kan máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pé ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á ti mọ ohun tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí mo bá kọ ló ń dún bí ìròyìn eré lórí rédíò. Báwo ni mo ṣe lè yẹra fún un?

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ìṣẹ́jú 90 tó gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kún. Ẹ̀yin ò ní. Tí orí ìwé kan tó dá lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá jẹ́ bíi ọ̀rọ̀ 1,200, ẹ lo nǹkan bíi 150 fún ipò tí pápá wà àti ẹni tí kò wá, ẹ lo 800 fún ìṣẹ̀lẹ̀ méjì péré, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn fèrè ìkẹyìn. Góòlù tí kò bá kan ọ̀rẹ́ méjèèjì, gbólóhùn kan ti tó o: “Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, a ti jẹ méjì.”

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú ara ọmọ kan ṣoṣo, kí ẹ má sì jáde. Ọmọ tó ń sáré lé bọ́ọ̀lù kì í rí gbogbo pápá. Ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń rí, àti eruku, àti ẹsẹ̀. Aṣọ́lé nìkan ló ń rí gbogbo èèyàn. Tí ìtàn yín bá nílò ẹni tó máa rí i pé ọ̀rẹ́ méjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ lórí pápá, aṣọ́lé ni kí ẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí yẹn.

Ẹ jẹ́ kí ojú ọjọ́ náà ṣiṣẹ́. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ pupa wa máa ń le bí àwo. Bọ́ọ̀lù á máa ta sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ètè á bó, eruku á bo ìlà tí wọ́n fi ẹfun fà débi tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù ti jáde. Ìjà ti wà níbẹ̀ láìwá a kiri. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, bọ́ọ̀lù tó yẹ kó yí dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ á dúró sínú àbàtà láàárín ọ̀nà, ọ̀tá á sì gbé e lọ. Ṣé ẹni tó gbá a ni kò gbá a dáadáa ni, àbí omi ló gbà á? Ọ̀rẹ́ méjì lè fi ọ̀sẹ̀ kan bínú lórí ìyẹn nìkan.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ jù níbí ni ìṣirò. Ẹ fa tábìlì sórí bébà lọ́tọ̀: ìṣẹ́jú, iye góòlù, àwọn tó wà nínú pápá, ẹni tó farapa tàbí tó gba káàdì, àti apá tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbá sí. A ti ka ìtàn tí ọmọ tí wọ́n ti yọ jáde ti padà wá gbá góòlù, àti èyí tí góòlù mẹ́rin wọlé tí ìwé sì ní 2–1 ni. Ẹ má gbàgbé pé lẹ́yìn ìsinmi, wọ́n á pààrọ̀ ilé. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí ojúulé kan sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, aṣọ́lé tó ń fi ọwọ́ bojú ní ìdajì kejì kò lè jẹ́ ẹni tó ń fi ọwọ́ bojú ní ìdajì àkọ́kọ́.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 11 ni mí, Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé. Nínú ìtàn kan tí mo kà, wọ́n fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹnì kan gbà á, rẹfirí wá ní ọ̀fúsáìdì ni. Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni. Èmi ní ohun tó bá wà nínú ìwé, òótọ́ ni. Ta ló jàre nínú wa?

Ọ̀rẹ́ rẹ ló jàre, ìwọ náà sì ṣeun tó o bèèrè. Kò sí ọ̀fúsáìdì fún ẹni tó gba bọ́ọ̀lù tààrà láti inú jíjù láti ẹ̀gbẹ́ pápá, láti inú kọ́nà, tàbí láti inú bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá láti iwájú ilé. Kò sì sí fún ẹni tó wà ní ìdajì pápá tiwọn nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà sí i. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ló ṣì í. Lọ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé ó gbà ọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe.

Ẹ̀yin àgbà tó ń kọ̀wé, ẹ rí i báyìí. Àwọn tí ẹ ń kọ ọ́ fún nìyí. Lójú wọn, àṣìṣe kan nípa òfin ti tó láti má gba ìyókù ìwé gbọ́. Àwọn tí a máa ń bá pàdé jù nìwọ̀nyí. Góòlù kì í wọlé tààrà láti inú bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ọwọ́ jù. Láti ọdún 1992, tí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù padà sí aṣọ́lé tirẹ̀, aṣọ́lé ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ mú un. Tó bá fi orí kàn án padà, kò sí wàhálà. Láti 2019, bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá láti iwájú ilé kò ní láti kọ́kọ́ jáde kúrò nínú àpótí, ìyẹn ilẹ̀ onígun mẹ́rin tí wọ́n fa ìlà yí ká níwájú ilé, kí ẹlòmíì nínú ikọ̀ tó fọwọ́ kàn án, ẹsẹ̀ là ń wí. Mítà 11 ni ojú pẹnáritì sí ìlà ilé, aṣọ́lé sì gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ kan ó kéré tán lórí ìlà náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbá a.

Pẹnáritì yẹn gan-an ní ohun kan tí ìtàn ọ̀rẹ́ lè fi ṣe iṣẹ́ ńlá. Tí bọ́ọ̀lù bá bá òpó tó sì padà wá sẹ́sẹ̀ ẹni tó gbá a, kò gbọdọ̀ tún gbá a títí ẹlòmíì á fi fara kàn án. Ó di dandan kó dúró kó máa wò ó, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn àpótí sáré wá. Tí wọ́n bá ti ń bínú síra wọn láti àárọ̀, ṣé ọ̀rẹ́ yẹn á sáré? Ẹ kíyè sí i pé èyí kò lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi pẹnáritì yanjú eré tó parí sí ọ̀mì. Níbẹ̀, bó ṣe bá òpó tó padà, ó tán.

Ní ti bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, nọ́ńbà 4 ló bá ọmọ ọdún 8 sí 12 mu. Nọ́ńbà 5 ni ti àgbà, òun ló wúwo tó gíráàmù 410 sí 450. Ọmọ kékeré tó ń fi nọ́ńbà 5 tó ti mu omi òjò gbá kọ́nà kò lè gbé e dé iwájú ilé nírọ̀rùn. Ẹ jẹ́ kó hàn nínú ìtàn.

Bọ́ọ̀lù àdúgbò ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú mọ́ńkí pọ́ọ̀sì, ojúulé kéré, kò sí aṣọ́lé, kò sí ọ̀fúsáìdì, sẹ́ẹ̀tì tó bá sì jẹ iye góòlù tí wọ́n fẹnu kò sí á bọ́ sílẹ̀ fún sẹ́ẹ̀tì mìíràn. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òǹkàwé gbọ́ òfin náà kí ó tó di ohun tí ìjà máa dá lé. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ọmọ méjì máa jiyàn lé e lórí ní ojú ewé kejì tàbí ìkẹta: “Méjì la ní!” “Ẹyọ kan ni, torí ilẹ̀ ti ń ṣú!” Kí ẹ sì rántí pé ẹni tó ni bọ́ọ̀lù lọ́lá jù lórí pápá yẹn. Tí ìyá rẹ̀ bá pè é kó wá pọnmi, eré ti parí nìyẹn.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin ni ọmọ mi, bọ́ọ̀lù kì í ṣe tirẹ̀. Ṣé eré mìíràn wà tí a lè fi kọ ìtàn ọ̀rẹ́?

Ó wà, ìyá wa, ó tilẹ̀ pọ̀. Àwọn ọmọbìnrin mìíràn wà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù gidi, ẹ má jẹ́ kí àwọn òǹkọ̀wé gbàgbé wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ká mú eré kan ṣoṣo tó bá ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mu jù lọ, rílè la máa mú, ìyẹn eré sísá tí ẹni mẹ́rin ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí nínú mítà 100 lọ́nà mẹ́rin. Ọ̀pá náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 28 sí 30. Ẹni kìíní fi ọwọ́ ọ̀tún mú un, torí ibi tí ọ̀nà eré ti tẹ̀ ló ti ń sáré. Ó fi lé ẹni kejì lọ́wọ́ òsì. Ẹni kejì fi lé ẹni kẹta lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni kẹta fi lé ẹni kẹrin lọ́wọ́ òsì. Àyè tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ gbà á jẹ́ mítà 30. Ọ̀pá ni wọ́n ń wò láti mọ̀ bóyá ó ti kọjá àyè yẹn, kì í ṣe ara ẹni tó mú un. Ẹni tó fẹ́ gbà á á ti ka bàtà sẹ́yìn lórí ilẹ̀, bíi 15 sí 25, á fi àmì síbẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti tẹ àmì yẹn, á gbéra, á sáré bí ẹni tí kò dúró de ẹnikẹ́ni, kò ní wẹ̀yìn. Nígbà tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ fi ṣe àdéhùn, á na ọwọ́ sẹ́yìn.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ṣe wà nínú gbogbo rẹ̀. Ọmọ tó bá pẹ́ kó tó gbéra ti sọ láìlanu pé òun ò gbà pé ọ̀rẹ́ òun lè sáré bá òun. Wọ́n á kọlu ara wọn. Èyí tó bá wẹ̀yìn, eré rẹ̀ á rọ̀, gbogbo ikọ̀ á pàdánù. Iye bàtà tó kà sẹ́yìn gan-an jẹ́ ìwọ̀n bó ṣe fọkàn tán ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ lè jẹ́ kó ka 20 ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, kó dín in kù sí 16 lẹ́yìn ìjà, kó sì tún dúró ka bàtà ní ọjọ́ ìdíje, kí òǹkàwé máa kà á pẹ̀lú rẹ̀. Tí ọ̀pá bá sì já bọ́, ẹni tó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mú un. Ọ̀rẹ́ ò lè bá a mú un.

Nínú eré yìí, ohun tí ẹnì kan bá ṣe, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń jẹ ẹ́. Ní Òlíńpíìkì Sydney lọ́dún 2000, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong ṣe ipò kejì fún Nàìjíríà nínú mítà 400 lọ́nà mẹ́rin, wọ́n gba fàdákà. Nígbà tó yá, ẹnì kan nínú ikọ̀ Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ pé òun lo òògùn tí òfin kọ̀, wọ́n sì gba wúrà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọdún 2012 ni wúrà yẹn tó di ti Nàìjíríà. Bada kò rí i. Ó ti kú ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Ọmọ ọdún méjìlá lè gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo tó yẹn, ẹ má bẹ̀rù.

Tẹ́nísì orí tábìlì náà dára gan-an, pàápàá ti ẹni méjì sí ẹni méjì. Òfin ni pé ẹ gbọ́dọ̀ máa gbá a ní kọ̀ọ̀kan-kọ̀ọ̀kan: tí ìwọ bá gbá a, ọ̀rẹ́ rẹ ló kàn, kódà kí bọ́ọ̀lù wá síwájú rẹ gan-an. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá kò lè bo ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá mọ́lẹ̀. Ó kàn lè gbá a síbi tí bọ́ọ̀lù tó ń padà bọ̀ á ti rọrùn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Àmì ayò 11 ni wọ́n ń gbá a dé, tí wọ́n bá sì dé 10–10, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi méjì ju ẹnì kejì lọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó bá ń kà á á dùn mọ́ nínú láti gbọ́ pé Quadri Aruna, tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ yìí, ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wọ inú àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú tẹ́nísì orí tábìlì ti Òlíńpíìkì, ní Rio lọ́dún 2016.

Ìbéèrè: Nínú ìwé mi, balógun ikọ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwọn kan nínú ikọ̀ sì jù ú lọ. Ẹnì kan bá mi kà á, ó ní kí n yọ gbogbo “ẹ” tí àwọn ọmọ ń lò fún ara wọn, pé ọmọdé ni gbogbo wọn. Ṣé kí n yọ ọ́?

Ẹ má yọ ọ́ o! Wúrà lẹ ní lọ́wọ́ yẹn. Ọmọ tó bá fi ọdún mẹ́ta ju ọmọ mìíràn lọ ládùúgbò wa, pàápàá tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, “Bùọ̀dá” ni, “ẹ” sì ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó jẹ́ balógun lórí ọmọ ọdún mẹ́tàlá gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n tó máa fi pàṣẹ fún ẹni tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ kí. Ìṣòro tó jẹ́ tiwa gan-an nìyẹn.

Lórí pápá, kò sí àyè fún “Bùọ̀dá Làsísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá.” Kó tó parí rẹ̀, wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ náà á ké “Làsísì! Gbé e wá!”, nígbà tí fèrè bá sì fọn, á padà sí “ẹ”, ojú á máa tì í díẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

*“Làsísì, lẹ́yìn rẹ!” Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Làsísì yí padà, ó gba bọ́ọ̀lù náà jáde. Nígbà tí wọ́n ń mu omi, Báyọ̀ sún mọ́ ọn. “Bùọ̀dá Làsísì, ẹ má bínú.” Làsísì da omi sórí. “Tó o bá tún pè mí ní Bùọ̀dá nínú pápá, wọ́n á gbá góòlù wọlé kó o tó pè é tán.”*

Nínú gbólóhùn kan yẹn, ọ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe é bíi ti tábìlì góòlù tí a sọ lẹ́ẹ̀kan: ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ náà sílẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń pe ẹnì kejì, “o” tàbí “ẹ”, àti ibi tó ti máa yí padà. Ẹ má jẹ́ kó yí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú ìwé, kó lè ní ìtumọ̀. Kóòṣì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, “ẹ” ni tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó lọ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé kò lè ṣàì kọ́kọ́ kí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lójúde. Ìtàn tó bá fo ìkíni yẹn á dún bí ìtàn ìlú mìíràn.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí ikọ̀ wọn borí ní ìgbẹ̀yìn?

Rárá. Àmọ́ ẹ má tìtorí pé ẹ fẹ́ dá yàtọ̀ kí ẹ jẹ́ kí wọ́n pàdánù. Ẹ kọ́kọ́ kọ bí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ méjì náà ṣe parí, kí ẹ tó mọ iye góòlù. Tí ó bá jẹ́ pé wọ́n parí ìjà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, eré náà ò ní nǹkan kan tó máa ṣe mọ́, ẹ sún ìparí ìjà yẹn wọnú eré.

Ìbéèrè: Báwo ni ìwé náà ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, ṣé kí n sì fi àmì ohùn sí i? Wọ́n ní àmì máa ń dẹ́rù ba ọmọdé.

Fún ọmọ ọdún 8 sí 9, ọ̀rọ̀ bíi 6,000 sí 10,000 ti tó. Fún ọdún 10 sí 12, ẹ lè lọ dé 25,000. Ẹ jẹ́ kí orí kọ̀ọ̀kan mọ ní ohun tí ọmọ lè kà tán kí iná tó lọ. Àkọtọ́ tí iléèwé ń lò láti ọdún 1974 ni kí ẹ lò: “ayé” ni, kì í ṣe “aiye”.

Ẹ fi àmì sí gbogbo rẹ̀. Nínú ìtàn bọ́ọ̀lù pàápàá, ẹ ò lè ṣe é láìsí i. Tí ẹ bá kọ “Rafiu gba bọọlu” láìsí àmì, ṣé ó gbá a ni àbí ó gbà á? Ọ̀kan ni ẹni tó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ni ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún. Ẹ tún wo ìgbà tí Ṣèyí bá ké láti òdìkejì pápá. “Gbà á!” ni, kí Ràfíù dúró dè é? Àbí “Gbá a!”, kó fi ẹsẹ̀ kan rán an lọ sáwọ̀n láìdúró? Ọmọ tó bá gbọ́ ọ̀kan fún èkejì, bọ́ọ̀lù ti kọjá lára rẹ̀.